Mario Inú Páálí: Ṣé Owó Àjọ Ni A Ó Fi Rà Á?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé dání lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ géèmù ni. Ṣùgbọ́n bí eré ọmọdé bá ti fẹ́ wọ inú àpò àgbà, ó ti kúrò ní eré. Ní ìpàdé wa tó kọjá, àbá kan jáde pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó àjọ ẹgbẹ́, kí a fi ra àwọn géèmù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì tú páálí wọn, kí a tọ́jú wọn fún ọdún mélòó kan, kí a sì wá tà wọ́n ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹni tó mú àbá náà wá kò sọ̀rọ̀ lásán. Ó mú ẹ̀rí dání pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ẹnì kan san mílíọ̀nù méjì dọ́là ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún géèmù kan ṣoṣo, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Super Mario Bros. Ariwo ta nínú ìpàdé. Àwọn kan ní kí a tètè ṣe é kí ó tó bọ́. Àwọn mìíràn ní owó àjọ kì í ṣe owó eré. A sún ìpinnu síwájú. Nítorí náà ni a ṣe tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà, tí a sì gbé e kalẹ̀ síhìn-ín, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tó fẹ́ nawọ́ sí tàbí ohun tó fẹ́ kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí géèmù náà ṣe dé ayé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti de eré mọ́ inú wọn. Eré tí ẹ bá bá nínú ẹ̀rọ náà ni ẹ ó máa ṣe títí tí yóò fi sú yín. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Jerry Lawson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a bí ní 1940, ló ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ Fairchild tí wọ́n gbé ẹ̀rọ Channel F jáde ní 1976. Ẹ̀rọ yìí ló kọ́kọ́ mú un wọlé pé kí ìmọ̀ eré kọ̀ọ̀kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tí a lè fà yọ kí a sì ti òmíràn bọ ojú rẹ̀. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì orin ni à ń wí o. Ike pẹlẹbẹ tí à ń tì bọ ẹ̀rọ géèmù ni, orúkọ tí gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n sí nílé nìyẹn. Lawson kú ní 2011. Ọ̀pọ̀ ọmọ adúláwọ̀ tó ti fẹnu fẹ́ eruku kúrò nídìí kásẹ́ẹ̀tì ni kò gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí, ìdí nìyẹn tí a fi dárúkọ rẹ̀ ká tó dárúkọ Mario.

Ọjà géèmù gbilẹ̀ lẹ́yìn náà títí ó fi kún àkúnya. Nígbà tí yóò fi di 1983, géèmù tó wà lórí igbá ní Amẹ́ríkà ti pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dùn. Ọjà náà dojú dé. Atari, tó jẹ́ ọ̀gá nígbà náà, kó kásẹ́ẹ̀tì tí kò tà, wọ́n sì lọ rì wọ́n mọ́ ààtàn ìlú Alamogordo ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ẹ fi ààtàn yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ilé-iṣẹ́ tó wá jí ọjà náà dìde kì í ṣe èwe. Ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànì ni wọ́n ti dá Nintendo sílẹ̀ ní 1889, káàdì eré ni wọ́n sì ń ṣe. Ní oṣù keje ọdún 1983 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ géèmù wọn jáde ní Jàpáànì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985 ni Super Mario Bros. jáde níbẹ̀. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ló ṣe ètò eré náà, Koji Kondo ló sì ṣe orin rẹ̀. Ní ìparí ọdún kan náà ni Nintendo gbé ẹ̀rọ àti géèmù lọ dán wò ní New York. Mario fúnra rẹ̀ ti jáde ní 1981 nínú eré Donkey Kong, níbi tó ti jẹ́ káfíńtà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló di púlọ́mbà, tó wá ń wọ inú páìpù kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì wa níhìn-ín, ẹ ó gbádùn èyí. Gbogbo eré náà, ayé mẹ́jọ pẹ̀lú ipele 32, àwòrán rẹ̀ àti orin rẹ̀, kò ju kilobyte 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yà lónìí tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Àyè kò sí, nítorí náà wọ́n ń ṣún un lò. Bí ẹ bá wo ìkùukùu tó wà lókè àti igbó tó wà nílẹ̀ nínú eré náà, àwòrán kan náà ni. Àwọ̀ funfun ni wọ́n fún ti òkè, wọ́n fún ti ilẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí àjákù aṣọ ṣòfò.

Géèmù yìí tà. Èyí tí wọ́n tà fún ẹ̀rọ yẹn nìkan lé ní mílíọ̀nù 40, nítorí pé wọ́n máa ń fi kún ẹ̀rọ fún ẹni tó bá rà á. Iye yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ó dé Áyálándì ní 1987. Mattel, àwọn tó ń ṣe bèbí Barbie, ló ń bá Nintendo pín ẹ̀rọ náà ní Bìrìtìkó àti níhìn-ín. Ẹ̀yà ti Yúróòpù yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n wọn kò rí bákan náà. Ti Amẹ́ríkà àti Jàpáànì ń pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Áyálándì ń ṣe é ní 50. Kódà àwa pẹ̀lú àwọn ará ibí tí a jọ lo irú àwòrán kan náà nígbà náà, ìyẹn PAL, kò dọ́gba tán. Àwọn àgbà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní erékùṣù wọ̀nyí láyé àtijọ́ mọ̀ ọ́n: tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún ibí nìkan, bí a bá gbé e délé, àwòrán á hàn, ṣùgbọ́n ohùn kò ní jáde, nítorí pé ibi tí ohùn ń gbà lórí afẹ́fẹ́ níhìn-ín nígbà náà yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ìwúlò ọ̀rọ̀ yìí fún àbá tó wà nílẹ̀ ni pé Mario tí ẹ bá rí ní Dublin, ẹ̀yà Yúróòpù ni yóò sábà jẹ́. Ẹ̀yà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi mílíọ̀nù méjì rà.

Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà mìíràn ni Mario gbà wọlé wá bá wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ọdún 1990 kò fojú kan Nintendo gidi. Ẹ̀rọ àfarawé tó ti Éṣíà wá ni wọ́n mọ̀, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ sí lára pé géèmù inú rẹ̀ kò lóǹkà. Bí ẹ bá kà á jinlẹ̀, ẹ ó rí i pé eré bíi mẹ́wàá ni wọ́n ń pè ní orúkọ ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ Mario wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ta á nígbà yẹn mọ ìbànújẹ́ kan tí àwọn ọmọ Dublin kò mọ̀. Géèmù náà kò ní ibi tí à ń tọ́jú ibi tí a bá eré dé. Ẹ lè ti dé ayé kẹjọ, kí gbogbo ọmọ àdúgbò ti pé sẹ́yìn yín, kí NEPA sì mú iná lọ. Bí iná bá dé, ayé kìíní ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀rọ̀ owó.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, Super Mario Bros. kan tí wọn kò ṣí rí pa 100,150 dọ́là. Ariwo gba ayé. Ní oṣù keje ọdún 2020, òmíràn pa 114,000 ní ọjà gbàǹjo Heritage, tó wà ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ọjà gbàǹjo kan náà ta òmíràn ní 660,000. Ìtàn ti èyí dùn ún gbọ́. Ẹnì kan rà á ní 1986 láti fi ṣe ẹ̀bùn Kérésìmesì, ó tì í bọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ìkọ̀wé, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún 35. Ní oṣù keje ọdún 2021, Legend of Zelda pa 870,000, ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Super Mario 64 pa mílíọ̀nù kan àti 560,000. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ni Super Mario Bros. tí ẹni tó mú àbá wá ń wí pa mílíọ̀nù méjì.

Ti mílíọ̀nù méjì yìí ní ohun tó jọ ọ̀rọ̀ wa nínú. Kì í ṣe ẹnì kan ló ni ín. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Rally ló rà á ní 140,000 dọ́là ní 2020, ó sì pín in wẹ́wẹ́ fún àwọn ènìyàn láti ra ìpín. Ẹni tó bá ní owó kékeré, ó ní èékánná Mario. Ẹni tó bá ní owó ńlá, ó ní apá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tà á, olúkúlùkù gba ìpín tirẹ̀. Ẹ rí i pé àjọ ni wọ́n dá. Ìdí nìyẹn tí àbá náà fi wọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa létí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Kásẹ́ẹ̀tì tó ju mílíọ̀nù 40 lọ láyé, kí ló mú ọ̀kan nínú rẹ̀ di mílíọ̀nù méjì dọ́là?

Kì í ṣe nítorí pé ó ti pẹ́. Ohun tó pẹ́ pọ̀ láyé. Kì í sì í ṣe nítorí adùn rẹ̀, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì tó ti bọ́ kúrò nínú páálí, tí ọmọ kan ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí lẹ́yìn, eré kan náà gẹ́lẹ́ ló wà nínú rẹ̀. A kì í sì í sábà rí i kí irú ìyẹn kọjá owó bàtà olówó pọ́ọ́kú. Orí páálí àti náílọ́ọ̀nù ni owó náà wà. Ohun tí àwọn olùkójọ ń rà ni àìṣí rẹ̀. Ẹ̀bùn ọmọdé ni Mario. Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, ọmọ wo ni yóò gba Mario tí kò ní fi eyín ya náílọ́ọ̀nù rẹ̀? Gbogbo ayé ló ya á. Páálí di ìdáná, ìwé ìlànà inú rẹ̀ di ohun tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ òfurufú. Nítorí náà, ohun tó pọ̀ bí yanrìn nígbà tí wọ́n ń tà á, nígbà tí wọn kò ṣí i ló di ọ̀wọ́n.

Wọ́n tún pín àìṣí náà sí ọ̀nà. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní ìparí 1985, sítíkà róbótó kékeré ni Nintendo fi dí ẹnu páálí wọn, kò sí náílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi náílọ́ọ̀nù wé wọn, páálí kékeré kan tó jẹ́ ìkọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú èyí kò jáde pẹ́ kí wọ́n tó yí i padà. Ti inú dúrọ́ọ̀ yẹn, ara èyí tó ní ìkọ́ yìí ni. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún páálí ní máàkì nínú 10 bí olùkọ́, kí ó fún náílọ́ọ̀nù ní lẹ́tà tirẹ̀, kí ó sì ti gbogbo rẹ̀ mọ́ inú ike líle tó mọ́ gaara. Ti inú dúrọ́ọ̀ gba 9.6 pẹ̀lú A+. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tì í mọ́ inú ike yìí, kò sẹ́ni tí yóò ta géèmù náà mọ́. Ó dà bí òfì tí a sọ di aṣọ àpótí, tí a kò gbọdọ̀ ró lọ sí òde kankan, tó jẹ́ pé a ó máa ṣí àpótí láti wò ó ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ààtàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n hú ilẹ̀ Alamogordo, wọ́n sì bá kásẹ́ẹ̀tì Atari tí wọ́n sin ní 1983. E.T. wà lára wọn, géèmù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní èyí tó burú jù lọ láyé. Ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún péré ni wọ́n fún Howard Scott Warshaw láti fi ṣe é. Ìjọba ìlú náà kọ ìwé ẹ̀rí fún àwọn tí wọ́n hú, wọ́n sì tà wọ́n. Ó lé ní 800 kásẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ sì lé ní 100,000 dọ́là. Kásẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́, tó ń rùn fún erùpẹ̀, ló pa owó yìí. E.T. tó mọ́ tónítóní, tí kò wọ ilẹ̀ rí, kò pa tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n rà, pẹ̀lú ìwé tó fi ìtàn náà múlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian.

Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ẹ̀kọ́ tí a rí wà: ọjà yìí kò dá lórí géèmù. Ó dá lórí ohun tí ẹlòmíràn gbà gbọ́ nípa géèmù náà. Ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà fún owó àjọ.

Àwọn baba wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Láàárín 2019 sí 2021, owó géèmù kan náà fo láti 100,000 lọ sí mílíọ̀nù méjì. Kò sí ohun tó yí padà lára Mario láàárín ọdún yẹn. Àwọn tó ń rà á ló yí padà. Àrùn Kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, àwọn kan ní owó lọ́wọ́, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò kó o sí. Ní 2021 kan náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní gbangba pé ìmọ̀ wà láàárín àwọn tó ń fún páálí ní máàkì àti àwọn tó ń lù ú ní gbàǹjo. Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sẹ́ kanlẹ̀, àwa kì í sì í ṣe adájọ́. Ohun tó dájú ni pé láti ìgbà náà, iye tí ọ̀pọ̀ irú géèmù bẹ́ẹ̀ ń pa ti wálẹ̀. Ẹni tó rà á lókè téńté, tó sì nílò owó rẹ̀ padà, ó di dandan kí ó tà á ní òfò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò ọlọ́pọ́n, ẹ mọ̀ pé ọ̀ta wà, òpe sì wà. Ọ̀ta kì í kánjú. Ó ti ka ọmọ ayò inú ilé rẹ̀, ó ti ka ti ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, kí ó tó nawọ́. Nínú ọjà yìí, àwọn ọ̀ta ti jókòó tipẹ́tipẹ́. Wọ́n mọ sítíkà, wọ́n mọ ìkọ́ páálí, wọ́n mọ náílọ́ọ̀nù gidi yàtọ̀ sí èyí tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná wé mọ́ páálí àtijọ́ nínú yàrá rẹ̀. Àwa ni òpe. Bí òpe bá sì mú owó àjọ lọ bá ọ̀ta, ìjẹ ni yóò jẹ́.

Ẹ tún wo irú owó tó wà nínú àjọ wa. Kì í ṣe owó tó ń wá ibi tí yóò sùn sí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ilé ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, ẹ mọ ohun tí ojú àwọn òbí wa ń rí kí wọ́n tó lè fi yúrò kan ránṣẹ́. Àjọ yìí ló ti bá ọmọ ẹgbẹ́ san ìyókù owó ilé-ìwé. Òun ló ti bá ẹlòmíràn san owó ilé nígbà tí onílé ń kanlẹ̀kùn. Bí ìṣòro bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, a kò lè gé etí Mario fún ẹni tó ń sunkún. A ó dúró de ọjà gbàǹjo, ọjà gbàǹjo yóò yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó ń sunkún yóò sì ti gba ìwé ìlékúrò.

Ìṣirò tún wà. Ní 2025, owó tó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ yìí ní kí a san fún òṣìṣẹ́ àgbà ní wákàtí kan ni 13.50 yúrò. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ jẹ́ 270 yúrò, kí owó orí tó kúrò níbẹ̀. Bí a bá ka dọ́là kan sí yúrò kan, ẹni tó bá fẹ́ kó 100,150 jọ, kì í ṣe ti mílíọ̀nù méjì o, yóò ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún méje láìjẹ láìmu. Ohun tí apá wa lè ká nínú ọjà yẹn, àwọn tí kò wọ́n ni. Àwọn àgbà sì ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ òfin náà ṣe pàtàkì. A gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ti ń ra àlòkù níhìn-ín, tí wọ́n sì ń tà á. Ẹni tó bá ta ohun ìní ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Áyálándì pẹ̀lú ìwé Stamp 2, àyè tó ní ni láti bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́ àti 40 ní àkókò ìsinmi tí wọ́n là sílẹ̀. Kò láṣẹ láti máa ṣe òwò tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èrè ogún yúrò ba ìwé ìgbélùú jẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fi owó àjọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá a. Kì í ṣe pé a ń fi ẹni tó mú àbá wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò rí, pé ohun tí a kà sí eré ọmọdé lè di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Apá yẹn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ kí a gbé lárugẹ.

Bí ẹ bá ń rìn kiri nínú George's Street Arcade, tàbí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta àlòkù láti fi ran aláìní lọ́wọ́, tí ẹ sì rí kásẹ́ẹ̀tì Mario lówó pọ́ọ́kú, ẹ rà á bí ẹ bá fẹ́ ta á. Ẹ má rà á nítorí àlá. Bí ìwé inú rẹ̀ bá wà, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ má fi omi fọ ojú rẹ̀, bébà ibẹ̀ yóò ṣí. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú yàrá tó bá ń lómi. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé Dublin ṣe ń rí ní oṣù kọkànlá, bí ọ̀rinrin ṣe ń sọ páálí di ẹ̀kọ jíjẹrà. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì bá èyí tí wọn kò ṣí rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí i. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ó kéré tán méjì kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yín iye lé e.

Ó ku ohun kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ka sítíkà tó wà lẹ́nu páálí Mario, wọ́n mọ oṣù tí ó jáde. Ta ló ti ka tiwa? Ẹ̀rọ àfarawé tí a fi ta Mario ní Mushin àti ní Mọ́kọ́lá, orúkọ tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń pè é, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ ta á fún ìdajì wákàtí, ọgbọ́n tí a dá sí kásẹ́ẹ̀tì tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kò sí ọjà gbàǹjo tí yóò lù wọ́n. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò parun pẹ̀lú wa. Kò ná àjọ ní kọ́bọ̀ láti kọ ọ́. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ojú ewé kan péré nípa géèmù tí ẹ ta nílé: ọdún tó jẹ́, àdúgbò tó jẹ́, ta ló ni ẹ̀rọ, ta ló ni tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí ìpàdé tó dé, a ó tò wọ́n sójú ìwé yìí ní ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Ní ti ìbò lórí àbá náà, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ tètè dé, nítorí pé àwọn tó bá pẹ́ kì í lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn. Ire o.